Kì í ṣe iye, bó ṣe tò ni: ọ̀rọ̀ iná, màlúù abilà àti tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹja tútù, Titus, kótè, pánlá, gbogbo ẹ̀ nínú fíríísà kan báyìí tí mo rò pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ń ta ọjà kan náà ní òpópónà kejì, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa iná tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Àsìkò kan wà lọ́dún tó kọjá tí iná tiwa máa ń wá fún wákàtí 2 láàárọ̀, 2 lọ́sàn-án, 4 lóru, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Tiwọn lọ́hùn-ún, tó bá dé, á dúró gbáko fún odindi ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé á máa jó, tó bá wá lọ báyìí, ó di ọjọ́ kẹta. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: wákàtí 24 nínú ọjọ́ 3, tẹ́ ẹ bá pín in, 8 lójúmọ́ ni. Tiwa náà, 8 lójúmọ́. Ẹja ìyá tiwa ò bàjẹ́. Àbúrò ẹ̀ da páálí kótè méjì nù lóṣù kan ṣoṣo, díẹ̀ ló kù kó pa ọjà ẹ̀ tì.

Ẹni tó ń pín iná á ní iye kan náà lòun fún ẹ̀yin méjèèjì, kò sì parọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí, torí gbogbo bá a ṣe ń jiyàn nǹkan nílùú yìí, iye la máa ń kà. Wákàtí mélòó? Eélòó ni? Ènìyàn mélòó ló wá? Kódà nígbà tí wọ́n ṣe ètò Band A yẹn ní April 2024, tí owó iná àwọn tó wà ńbẹ̀ fò sókè dé ₦225 lórí yúnìtì kan, àdéhùn iye náà ló wà nídìí ẹ̀, pé ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Ó dáa. Ẹni tó ní fíríísà á bi yín pé wákàtí 4 tó kù ńkọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa mú u lọ ni àbí ẹ máa ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ síbi márùn-ún tí kọ̀ǹpírésọ̀ á fi jó? Bó ṣe tò yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Àwọn aránṣọ ń pè é ní pátánì, àwọn olùkọ́ ní bátànì, èmi á mú bátànì kó má bàa di ọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun kan náà, iye kan náà, ẹ kàn yí bátànì ẹ̀ padà, ohun tó máa jáde níbẹ̀ á yí padà, nígbà míì á tiẹ̀ yí padà débi pé ẹ̀ẹ́ máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi nígbà tí kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀.

Àwọn tó ń ta ayò ti mọ èyí tipẹ́ jàre. Ọmọ ayò 48, ojú ọpọ́n 12, mẹ́rin mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lówó ju ẹnì kejì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa rí ẹni tó kó ọmọ rẹpẹtẹ sọ́dọ̀ tí ẹni tí ò ní ju mẹ́wàá lọ ń jẹ ẹ́ ní àjẹtúnjẹ, torí mẹ́wàá yẹn tò síbi tó yẹ kó tò sí.

Òjò náà ńkọ́? Nílẹ̀ wa níbí, òjò ọdún máa ń ní orí méjì, ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù kẹfà, èkejì ní oṣù kẹsàn-án, àárín wọn ni August break, orí bátànì yẹn sì ni gbogbo ọgbọ́n àgbẹ̀ wa dúró lé, ohun tó ń gbìn ní àkọ́rọ̀ àti ohun tó ń fi pamọ́ de àrọ̀kúrò. Tí òjò ọdún kan bá wá rọ̀ pé iye tó máa ń rọ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ó dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí àgbàdo hù, tó wá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ìwé á kọ ọ́ pé òjò pé lọ́dún náà, ṣùgbọ́n abà á ṣófo. Ní 26 August 2011, òjò tó ju mìlímítà 180 lọ rọ̀ lÍbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀, ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí Ògùnpa ti 1980, ẹ ò nílò àlàyé. Kí iye omi yẹn náà rọ̀ níwọ̀nba níwọ̀nba láàárín oṣù kan, ta ni ì bá rántí ẹ̀? Iṣu ni ì bá fi ta.

Ẹ wá gbọ́ ti màlúù, torí èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2025, wọ́n fún àwọn onímọ̀ kan ní Japan ní àmì ẹ̀yẹ Ig Nobel, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń fún iṣẹ́ ìwádìí tó máa kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó wá ronú sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, tó ti jáde láti 2019, ni pé wọ́n mú màlúù dúdú 6, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ilà sí wọn lára bíi ti sébírà, wọ́n wá jókòó wọ́n ń ka eṣinṣin. Àwọn eṣinṣin tó ń ta màlúù yẹn dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni pé wọ́n tún fi ọ̀dà dúdú fa irú ilà yẹn náà sára màlúù dúdú. Ọ̀dà wà ńbẹ̀, òórùn ọ̀dà wà ńbẹ̀, ilà gan-an wà ńbẹ̀, kò kàn hàn ni, eṣinṣin sì ń ta wọ́n bó ṣe ń ta èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn rárá. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀dà. Funfun-dúdú-funfun-dúdú tó ń tẹ̀ léra yẹn ni.

Lọ́dún 2019 yẹn náà, àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tim Caro ló ṣáájú wọn, wọ ẹ̀wù fún ẹṣin, ẹ̀wù dúdú, ẹ̀wù funfun, ẹ̀wù abilà. Eṣinṣin ń sún mọ́ gbogbo wọn bákan náà láti òkèèrè, ìyẹn ni pé ilà ò lé wọn sá o, àmọ́ tó bá wá ku díẹ̀ kí wọ́n bà sórí èyí abilà, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rọra, wọ́n á fò kọjá àbí kí wọ́n forí sọ ọ́ kí wọ́n tún ta kúrò. Orí ẹṣin tí ẹ̀wù ò bò, wọ́n ń bà síbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Tí mo bá rántí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó làwọn darandaran ń ná sórí oògùn eṣinṣin, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ra ọ̀dà, àmọ́ mi ò ní màlúù.

Eṣinṣin ò mọ bíréèkì tẹ̀, àwa wá ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Èkó sÍbàdàn á ti rí i rí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú yín fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ́ máa retí pé ẹ máa bá tírélà tó ṣubú níwájú, ọ̀nà á kàn ṣí lójijì, kò sí tírélà, kò sí jàǹbá, kò sí nǹkan kan, gbogbo ènìyàn á máa wo ara wọn. Ní 2008, Yuki Sugiyama àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Japan fi hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó mọ́tò 22 sórí ọ̀nà róbótó kan tí àyíká ẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kí kálukú fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹni iwájú. Kò sí kòtò, kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò sí ẹni tó ń sáré ta gàlà. Ó lọ dáadáa fúngbà díẹ̀. Ẹnì kan wá rọra fẹsẹ̀ kan bíréèkì, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ tiẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ẹni tó tún wà lẹ́yìn ìyẹn tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn kan ti dúró gbagidi. Ìdúró yẹn wá ń rìn sẹ́yìn bí ìgbì omi, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, nígbà tí mọ́tò fúnra wọn ń lọ síwájú. Mọ́tò 22 ló bẹ̀rẹ̀, mọ́tò 22 náà ló wà ńbẹ̀, ọ̀nà ò fún ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó fà á gan-an ti kúrò níbẹ̀ ó ti ń lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Dánfó tó ń já wọlé tó ń já jáde, tó ń fọn fèrè, tó ń sáré mítà mẹ́wàá kó tó tún tẹ bíréèkì gbàì, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ mélòó ló ń dá sílẹ̀ lójúmọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ bá mi kà á.

Ẹja, òjò, màlúù, mọ́tò, wọn ò ní ìwà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ojúkòkòrò ló ń yọ òjò lẹ́nu. Tó bá wá kan ènìyàn, a ò ní wo bátànì mọ́, a máa sáré pè é ní ìwà. Àwọn ọmọkùnrin tó kún ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tá a ń sọ nípa wọn ni pé wọ́n ya ọ̀lẹ, wọ́n fẹ́ ọlà òjijì, wọn ò gbẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n èmi mọ ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún, tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe lábẹ́ oòrùn, kò sí ọ̀lẹ kankan lára ẹ̀, ó sì ń ta tẹ́tẹ́ lójoojúmọ́ ayé ẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà lÁmẹ́ríkà tó ń jẹ́ B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ni. Láwọn ọdún 1930, ó máa ń fi eku sínú àpótí kan tí ọ̀pá kékeré wà nínú ẹ̀, tí eku bá tẹ ọ̀pá yẹn, hóró oúnjẹ kan á já bọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ rọ hóró oúnjẹ yẹn, iṣẹ́ tó ń súni. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó wo èyí tó ṣẹ́kù, ó rí i pé tóun ò bá jókòó ti ẹ̀rọ títí dalẹ́, oúnjẹ máa tán tó bá di aago 10:30 àárọ̀ ọjọ́ Monday. Ó bá bi ara ẹ̀ pé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí eku bá tẹ̀ ẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ? Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń sọ pé ahun ló bí ìmọ̀ yẹn, tàbí ká ní àárẹ̀, torí eku ò dá iṣẹ́ dúró o, ó kàn yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Láti ibẹ̀, òun àti Charles Ferster kó ẹyẹlé jọ, wọ́n dán oríṣiríṣi bátànì wò, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ jáde ní 1957.

Ohun tí wọ́n rí, ẹ ti ń rí i ládùúgbò yín láìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé iye kan pàtó lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó gbowó, bíi àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń san owó wọn lórí ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ́ ṣe é bí iná, tọ́gọ́rùn-ún bá pé ẹ̀ẹ́ jókòó sinmi, ẹ̀ẹ́ mu omi, kẹ́ ẹ tó tún dìde. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan pàtó ni, bíi ọ̀gá tó máa ń wá wo iṣẹ́ ní gbogbo Friday, Monday sí Wednesday á lọ bẹ́ẹ̀, tó bá di Thursday alẹ́ ilẹ̀ á máa dán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ọjọ́ ìdánwò náà nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ìgbà tó máa dé ni ò dájú, ẹ wo iná yẹn náà. Gbogbo ìgbà ni súwíìṣì wà lórí, ṣájà ò kúrò lára ògiri, tó bá dé lóòru aago 3, ẹ̀ẹ́ gbọ́ "Up NEPA!" (NEPA ti pààrọ̀ orúkọ láti 2005, wọ́n ṣì ń pè é), ìyá ọmọ á dìde lọ lọ aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń lọ aṣọ ní aago 3 òru níbi tí iná ti ní àkókò. Ìwà àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ló dáa ju tiwa lọ.

Èyí tó kù ló lágbára jù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó rí nǹkan ni ò ní iye: ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ igba. Ẹyẹlé tí wọ́n fi sórí bátànì yìí ò sinmi. Kò sí ìdí tó fi máa sinmi, torí fífẹnu ṣá bọ́tìnì tó kàn lè jẹ́ èyí tó máa mú oúnjẹ wá. Kódà tí wọ́n bá dáwọ́ oúnjẹ dúró pátápátá, yóò máa fẹnu ṣá a lọ fúngbà pípẹ́ ju èyí tó ti ń rí i déédéé lọ, torí àìrí ò yà á lẹ́nu mọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Iye oúnjẹ tó ń rí lápapọ̀ lè má ju ti àwọn yòókù lọ o. Bátànì yìí lẹ̀rọ tẹ́tẹ́, bátànì yìí náà ni tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ìṣirò díẹ̀ ni, ẹ má sá. Ẹ mú eré bọ́ọ̀lù 10, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ àwọn eré tó rọrùn díẹ̀, tí ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ mú máa wọlé lẹ́ẹ̀ 7 nínú 10. Onítẹ́tẹ́ fún yín ní odds 1.35 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá pín ₦1,000 yín sí ₦100 lọ́nà mẹ́wàá, tẹ́ ẹ ta eré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, 7 á wọlé, ẹ gba ₦135 lẹ́ẹ̀ 7, ó di ₦945. Ẹ pàdánù ₦55, kò dùn, kò dunni. Ó dáa, ẹ wá kó eré mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Odds á fò lọ sí nǹkan bí 20, ₦1,000 á di ₦20,000, ojú á là. Àmọ́ kí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wọlé pa pọ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 35 ni. Ẹ ná ₦35,000 sórí 35, ẹ gba nǹkan bí ₦20,000 padà, ìyẹn ni pé nínú ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ₦570 ló ń padà wálé. Àwọn eré kan náà! Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà, odds kan náà, ₦1,000 kan náà. Bẹ́ ẹ ṣe tò ó ló gbé owó kúrò lápò yín. Onítẹ́tẹ́ mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún yín ní bónọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá kó eré púpọ̀ jọ, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní bónọ́ọ̀sì torí pé ẹ ta ẹyọ kan.

Ibi tó tún wá burú sí nìyí. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì 35 yẹn, ọ̀kan ló jẹ, ṣùgbọ́n nǹkan bí mẹ́rin míì á wà tí eré 9 wọlé tí ẹyọ kan ṣoṣo gé e. Ẹ gbọ́, mẹ́rin! Tó túmọ̀ sí pé lẹ́ẹ̀mẹrin ni "ó kù díẹ̀" máa ń dé fún gbogbo ìgbà kan tí owó bá dé. Ọmọ mẹkáníìkì tí mo sọ yẹn, tó bá fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn mí, kì í fi èyí tó jẹ hàn mí, èyí tí eré kan gé ló máa ń fi hàn mí, "Bọ̀dá, ẹ wò ó, ẹyọ kan péré ló gé e o," ojú ẹ̀ á máa dán bíi pé ìròyìn ayọ̀ ló ń sọ. Luke Clark àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cambridge wo ọpọlọ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, iṣẹ́ wọn jáde ní 2009, wọ́n rí i pé "ó kù díẹ̀" ń ta àwọn ibì kan jí nínú ọpọlọ tí jíjẹ náà máa ń ta jí, àwọn ènìyàn ní kò dùn mọ́ àwọn, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kó wù wọ́n láti tún ta. Ẹni tí eré márùn-ún gé tiẹ̀ á ju tíkẹ́ẹ̀tì nù, á lọ sílé. Ẹni tí ẹyọ kan gé tiẹ̀ á gbà pé òun ti ń mọ̀ ọ́n.

Skinner tún ṣe ohun kan ní 1948 tí mi ò lè má sọ. Ó fi ẹyẹlé 8 sínú àpótí, ó ń sọ oúnjẹ sí wọn látìgbàdégbà láìka ohun tí wọ́n ń ṣe sí. Nígbà tó fi máa padà wò wọ́n, mẹ́fà nínú wọn ti ní ètùtù tiwọn. Ọ̀kan ń yí po nínú àpótí, ọ̀kan ń fi orí tọ́ igun òkè, òmíràn ń mi orí bí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, kálukú gbà pé ohun tóun ń ṣe ló ń mú oúnjẹ wá. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kẹ́ ẹ wo ẹni tí ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì tí ò bá dé fìlà kan báyìí, tàbí ẹni tó lálàá nọ́ńbà lótò tó wá ń sun oorun ọ̀sán kó lè tún lá a. Èmi náà máa ń jókòó síbì kan náà tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù o, ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀.

Fóònù ò yàtọ̀, màá yára kọjá níbẹ̀ torí wọ́n ti sọ ọ́ sọ ọ́. Ìwé ìròyìn ní ojú ewé tó kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ọwọ́ yín á dúró fúnra ẹ̀. Ní 2006, ẹnì kan tó ń jẹ́ Aza Raskin ṣe èyí tó jẹ́ pé ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lópin, bẹ́ ẹ ṣe ń fa á sókè ló ń wá, ó sì ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ẹ̀. Àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fóònù yín ò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kàn yọ ibi ìdúró kúrò ni, wọ́n wá ń fi èyí tó dùn sáàárín èyí tí ò dùn láìní iye.

Ohun tó ń bí mi nínú díẹ̀ ni pé àwa gan-an ti ní bátànì owó tó dáa ká tó mọ bọ́ọ̀lù. Àjọ, èésú. Ènìyàn 10, ₦5,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á kó ₦50,000. Kò sẹ́ni tó jèrè kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, ohun tó wọlé náà ló jáde. Àmọ́ ₦5,000 tó ń yọ́ lápò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò ra fíríísà, ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan náà lè jẹ́ ìdajì owó àlòkù kan. Gbogbo ènìyàn mọ ìgbà tó máa kàn án, kò sí "ó kù díẹ̀" nínú àjọ, ẹni kejì lo máa já kulẹ̀ tó ò bá mú tìẹ wá. Bátànì yẹn lágbára débi pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa gbé e dé Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní. Ọmọ mẹkáníìkì yẹn ń dá àjọ náà o, ìyẹn tiẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ẹni kan náà, owó kan náà láti inú iṣẹ́ kan náà, ó jẹ́ ẹni tó mọ owó tọ́jú lọ́dọ̀ aláàjọ, ó wá di "ọmọ tí ò gbọ́n" ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá gbà á báyìí. Ní 22 November 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ lórí ẹjọ́ tí ìjọba Èkó ti pè láti 2008, pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ò lágbára láti ṣòfin lótò àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n sì fagi lé òfin lótò ti 2005. Ìyẹn ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa mọ bó ṣe máa ṣe tiẹ̀. Látìgbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń gbọ́ ni ta ló máa fúnni ní láísẹ́ńsì, ta ló máa gba owó-orí, eélòó. Iye náà ni, ẹ rí i.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ọ̀nà míì ni wọ́n gbé e gbà. Láti 31 October 2021, wọ́n ní ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ yí yára ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ máa dá ara ẹ̀ yí, tí ẹnì kan bá sì fi pọ́ùn kan ta tó gba àádọ́ta pẹ́nsì padà, ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ máa lu agogo bíi pé onítọ̀hún jẹ. Wọn ò fi òfin yẹn sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ta tẹ́tẹ́, wọn ò sì wàásù ìwà fún ẹnikẹ́ni. Bátànì ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Níbí, bọ́ọ̀lù gidi ń wáyé lópin ọ̀sẹ̀, ó ní ibi ìdúró, àárín ọ̀sẹ̀ ní Champions League, ó tún dúró. Bọ́ọ̀lù virtual tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ yẹn ńkọ́, èyí tí kọ̀ǹpútà ń gbá? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá pè yín síbi ìpàdé tí wọ́n ti ń gba èrò ará ìlú lórí òfin tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ bá mi bi wọ́n ní mẹ́ta: ìṣẹ́jú mélòó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín eré virtual kan sí èkejì, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí bónọ́ọ̀sì eré púpọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, àti pé ṣé ẹni tí eré kan gé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣì máa máa rí i lórí fóònù ẹ̀ kó tó sùn pé "ó kù díẹ̀, tún gbìyànjú."